Ọkùnrin Mẹ́rin Tí Í Ṣe Ẹnì Kan

Nígbà tí ìwé mi padà dé láti Àjàṣẹ́, ìbéèrè kan náà ló kún etí rẹ̀: "Ta ni èyí?" Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́, ọwọ́ náà kéré, ó sì dúró ṣánṣán. Ní ojú ewé kẹta: ta ni èyí? Ní ojú ewé kẹrin, ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí mo fi máa dé orí kejì, ó jọ pé ó ti rẹ ẹni tó ń kọ ọ́, nítorí àmì ìbéèrè nìkan ló kù tó ń fi sílẹ̀, àmì tó tẹ̀ kọ́rọ́ bí ìwọ̀ ìpẹja. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ẹ̀rọ fọ́tókọpí mi, mo ń ṣí ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń dáhùn sókè bí ẹni pé ẹni náà wà níwájú mi.

"Ọkọ mi kékeré mà ni! Ta ni ìbá tún jẹ́?"

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ẹ̀bá ọ̀nà ọlọ́dà ní Tchaourou, ọ̀nà tó lọ sí Parakou. Fọ́tókọpí ni mò ń ṣe níbẹ̀, mo ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé, mo sì ń di ìwé pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa bébà, kó wá jókòó tì mí. Bí mo bá fi ìka méjì fọwọ́ pa á, mo lè sọ bóyá ẹ̀rọ yóò gbé e kọjá tàbí yóò há sínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé lásìkò ọyẹ́ bébà máa ń gbẹ débi pé méjì-méjì ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra wọlé, àti pé lásìkò òjò etí rẹ̀ a máa ká, o sì ní láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sábẹ́ nǹkan tó wúwo kí o tó lò ó. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Èmi ni mo ń tú ẹ̀rọ, tí mo ń tò ó padà, tí mo sì ń wò ó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ Yorùbá kíkọ. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé. Yorùbá wà lẹ́nu wa, kò sí lọ́wọ́ wa. Inú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé ohun tí à ń sọ ṣe é kọ, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn tí àwọn oníṣòwò fi ń di ẹrù wá láti òdì kejì ẹnubodè. Mo máa ń na ìwé náà, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ́ ẹ, mo sì ń kà á títí dé ibi tó ti ya. Nígbà tí mo ra kọ̀ǹpútà, mo wá bí a ṣe ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà títí mo fi rí i. Ọjọ́ tí mo rí i, mo tẹ "ọ̀kẹ́rẹ́" kún odidi ojú ewé kan nítorí pé gbogbo àmì tí mò ń wá ló wà lára rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí bóyá ẹran ọ̀kẹ́rẹ́ ni mò ń tà.

Ìdí ẹ̀rọ yìí náà ni mo ti kọ ìtàn àròsọ mi, láàárín oníbàárà kan sí òmíràn. Ìtàn agbo ilé kan ni. Àwọn ọmọkùnrin ilé náà ń jà lórí bóyá kí wọ́n gbin kajú sí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi ń gbin iṣu, àwọn ìyàwó wọn sì ti mọ ìdáhùn tipẹ́, wọ́n ń wò wọ́n ni. Mi ò mọ̀ bóyá ó dára. Ẹni tí mo lè bi kò sí. Ọkọ mi gbọ́ apá kan, ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n ọkọ mi ni.

Ìgbà náà ni olùkọ́ kan mú bébà kan wá fún fọ́tókọpí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wa ní gúúsù, ń wá ìtàn àròsọ ní Yorùbá. Obìnrin kan tó ti ṣe olóòtú ìwé ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò máa ka ohun tí a bá fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni yóò ka ìwé kọ̀ọ̀kan: àkọ́kọ́, yóò sọ ibi tó kù sí, ìkejì, yóò pinnu. Èyí tí kò bá fọwọ́ sí nígbà kejì, ilé ìtẹ̀wé kò ní í tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà mẹ́wàá ni olùkọ́ náà ní kí n ṣe. Mo ṣe mọ́kànlá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ìwé mi, tí mo fi í rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì, tó sì ti Àjàṣẹ́ padà wá pẹ̀lú "Ta ni èyí?" Nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Pè mí kíákíá."

Mo pa ẹ̀rọ kí ariwo rẹ̀ má baà bò mí lóhùn, mo sì pè é. Tata ni mo fi kí i, bí a ṣe ń pe obìnrin tí a bọ̀wọ̀ fún lọ́dọ̀ wa.

"Ẹ káàsán o, Tata. Èmi ni mo kọ ìwé agbo ilé oníṣu."

"Haa! Ìwọ ni? Ṣé o jókòó? Jókòó ná." Ohùn àgbàlagbà obìnrin ni, ẹ̀rín wà ní ìdí rẹ̀. "Mo fẹ́ràn ìwé rẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo bínú sí i. Ta ni Sọ́jà?"

"Àbíkẹ́yìn ilé náà ni, Tata. Àbúrò àwọn ọkọ."

"Ó dára. Ta ni Akọ̀wé?"

"Òun náà ni."

"Ẹlẹ́yinjú ńkọ́?"

"Òun náà ni, Tata."

"Ẹlẹ́yinjú kì í ṣe obìnrin?"

"Rárá o. Ọkùnrin ni. Ó ní irùngbọ̀n."

"Ọkọ-mi-kékeré?"

"Ẹ mà ti mọ̀ ọ́n báyìí."

"Mi ò mọ̀ ọ́n o! Láti ojú ewé kẹta ni mo ti ń retí kí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́rin yìí bá ìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní, irú ọmọ ìyá wo nìyí, tí wọn kì í kí ara wọn? Nígbà tí Akọ̀wé ṣubú lórí alùpùpù ní orí kẹfà, mo ní kò burú, Sọ́jà ń bọ̀ wá gbé e!"

Mo rẹ́rìn-ín títí fóònù fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín ṣe ń lọ sílẹ̀ ni mo rí ohun tí mo ṣe.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n bí lánàá kí wọ́n tó gbé ìyàwó náà wọlé lónìí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ ní orúkọ tí yóò máa fi pè é, láti inú ohun tó bá rí lára rẹ̀. Bí ìyàwó bá pọ̀ nílé, ẹnì kan lè ní orúkọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, á sì máa jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mẹ́rin ló wà nínú ìwé mi, bó ti rí ní ilé wa gan-an. Nígbà tí mo bá wà nínú yàrá pẹ̀lú ìyàwó àgbà, orúkọ tí òun ń pè é ni mò ń kọ. Bí mo bá bá ìkejì lọ sí odò, ó di orúkọ tirẹ̀. Mi ò tilẹ̀ ronú sí i. Àwọn orúkọ inú ilé wa ni mo yá lò. Ènìyàn inú rẹ̀ nìkan ni mo fi àròsọ dá.

"Mo mọ àṣà yẹn," Tata wí. "Ìyá mi kú láìpe orúkọ àbúrò bàbá mi rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìwé rẹ kì í ṣe ìyàwó ilé yín. Ó ju ogún ènìyàn lọ tí mo kà nínú agbo ilé yẹn. Mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́sàn-án, Tata."

"Ìwọ náà gbọ́? Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan ṣoṣo, kí o dúró tì í, kí o sì fi ránṣẹ́ padà. Ìgbà kan ló kù tí mo lè kà á. Má jẹ́ kí n fi í ṣòfò."

Orúkọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ta ni kò lè ṣe ìyẹn? Lọ́jọ́ kejì mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kùtùkùtù. Orúkọ àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn, orúkọ tó dùn, tó bá àgbẹ̀ mu, mo tẹ ìdajì rẹ̀ kí n tó rántí pé ti bàbá ọkọ mi ni. Mo pa á rẹ́. Mo mú òmíràn. Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo ní kí n kúrò ní orúkọ ìmàle, mo lọ sí orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi fẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ṣábẹ̀, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló sì ti kó àwọn tó dára jẹ́. Mo wá orúkọ Yorùbá gígùn tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ mọ́. Télọ̀ kan ń jẹ́ ẹ ní Alafiarou, ọmọ àbúrò bàbá bàbá ọkọ mi. Mo tilẹ̀ dé orúkọ tí àwọn Ìbàrìbá fi ń to ọmọ wọn, láti àkọ́bí títí dé àbíkẹ́yìn. Àǹtí ọkọ mi kan lọ́kọ ní Bétérou. Ó bímọ títí ó fi lo gbogbo orúkọ náà tán porogodo. Mo tún padà sí èyí àkọ́kọ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ tán.

Báyìí ni ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n àgbà ọkọ mi, bá mi. Ó wá fi iná sí fóònù rẹ̀ nínú.

"Kí lò ń tẹ̀, tí o ń pa rẹ́, tí o tún ń tẹ̀?"

"Orúkọ ni mò ń wá, ìyálé mi."

"Ta ló bímọ?"

"Ti àwọn ará inú ìwé ni."

Ó súnmọ́ mi, ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó máa ń wò ó bí ẹni pé yóò yé e bó bá pẹ́ níbẹ̀. "Èyí tí o kọ síbẹ̀ yìí, pè é ká gbọ́."

Mo wo ilẹ̀. "Kò ṣe é pè. Ti Alájì ni."

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Bàbá ọkọ rẹ! O fẹ́ kọ orúkọ bàbá ọkọ rẹ sínú ìwé, kí wọ́n tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata lọ́jà?"

"Kì í ṣe òun, ìyálé mi. Orúkọ ló kàn jọra. Ẹni inú ìwé ni."

"Ẹ̀n-ẹ́ǹ. Bí ẹni inú ìwé bá ṣe nǹkan ìtìjú, ìwọ ni yóò lọ ṣàlàyé fún Alájì pé kì í ṣe òun."

"Kò ṣe nǹkan ìtìjú kankan."

"Kí ló wá ń ṣe nínú ìwé?"

Mo gbìyànjú lẹ́tà: A, B, D. Nígbà tí mo kà á, ó dà bí ìṣirò tí wọ́n ń fún ọmọ ilé ìwé, tí A ra ọsàn lọ́wọ́ B. Mo wá mú ọ̀kan nínú orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Sọ́jà, mo fi í sí ẹnu gbogbo ìyàwó. Mo ka ibì kan fún ìyálé mi, níbi tí ìyàwó àgbà ti ń pe àbíkẹ́yìn wá jẹun.

"Irọ́," ó wí kí n tó parí. "Obìnrin yẹn kò lè pè é ní Sọ́jà."

"Nítorí kí ni?"

"Kì í ṣe òun ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Báwo ni yóò ṣe máa fi ẹnu ìyàwó mìíràn pe àbúrò ọkọ rẹ̀? Ó máa dà bí ìgbà tí mo ró aṣọ rẹ."

Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn obìnrin náà ti kú. Bí mo bá fi ìwé ránṣẹ́ báyìí, yóò yé Tata, ṣùgbọ́n kò ní í fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bó ti wà, yóò fẹ́ràn rẹ̀, kò sì ní í yé e. Ìgbà kan ló sì kù. Mo gbé ìwé náà sábẹ́ ẹ̀rọ, mo sì ń ṣe fọ́tókọpí ìwé ọmọ ẹlòmíràn bí ẹni pé mi ò ní nǹkan mìíràn láyé.

Tata fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó ń bọ̀ wá kọ́ àwọn olùkọ́ kan níṣẹ́ ní Parakou. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ yóò gba Tchaourou kọjá. Ṣé òun lè sọ̀ kalẹ̀ kí òun wo ilé tí ìwé yìí ti jáde wá, kí òun wọ ọkọ̀ mìíràn ní ìrọ̀lẹ́? Mo ní kó máa bọ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo sá lọ sílé lọ sọ fún wọn.

Ilé wa gba àlejò náà bí ẹni pé ìyàwó tuntun ló ń bọ̀. Wọ́n gbá àgbàlá, wọ́n gún iyán, mo ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó ń jókòó lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù mi, a dín in pẹ̀lú ata títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi pọ́n. Alájì ní kí wọ́n gbé àga òun sábẹ́ máńgòrò.

Obìnrin kúkurú ni Tata, ó fi okùn so gíláàsì ojú kọ́rùn, bàtà aláṣọ ló wọ̀ bí ẹni tó fẹ́ rìn lọ sóko. Ó kúnlẹ̀ kí Alájì. Alájì ní, "Káàbọ̀, ìyá oníwèé. Wọ́n ní ìwé ìyàwó wa rú ọ lójú."

"Ó rú mi lójú, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó dùn."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni òun fúnra rẹ̀ rí," Alájì wí, gbogbo ilé sì fi mí rẹ́rìn-ín.

A ò tíì bu iyán nígbà tí alùpùpù wọ àgbàlá. Àbíkẹ́yìn ilé wa ni, ó ń bọ̀ láti Bétérou níbi tó ti lọ ra kajú, àpò méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin gbàǹgbà ni, irùngbọ̀n bò ó ní àgbọ̀n, eruku sì ti sọ irùngbọ̀n náà di pupa.

Ìyálé mi ló kọ́kọ́ rí i. "Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀ o!"

"Ooo!"

Ìyàwó kejì yọjú láti ibi ààrò. "Ẹlẹ́yinjú, ṣé àpò méjì péré lẹ rí rà pẹ̀lú gbogbo ojú yẹn?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ ná!"

"Sọ́jà, ẹ rọra o," ìyàwó kẹta ké, "ẹ má fi eruku bo oúnjẹ àlejò!"

"Mo ti gbọ́!"

Èmi náà ti bu omi, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ọkọ mi kékeré, omi rèé."

Tata ti gbé gíláàsì sójú. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo àwa obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún na ọrùn wo ẹ̀yìn alùpùpù bóyá àwọn yòókù ń bọ̀.

"Ẹnì kan ṣoṣo?" ó bi mí.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni, Tata."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó yọ gíláàsì, ó nu omi ojú, ó tún rẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́yìn dúró pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́, kò mọ ohun tó ṣe. "Ẹ̀yin lẹ wá láti Àjàṣẹ́ wá fi mí rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú, ọkọ wa. Mo ti sin yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ọkàn mi, mo rò pé ẹ ti sọnù." Ó wá yí sí ìyálé mi. "Ẹ dákun, kí ló fà á tí ẹ fi ń pè é ní Akọ̀wé?"

Ìyálé mi gbé ọmọ orógùn sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni bi í. "Ọjọ́ tí wọ́n gbé mi wá, wọ́n ti fi amọ̀ funfun kun yàrá mi, ó mọ́ bí ẹyin. Òun ò tíì ga tó ìkòkò yìí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lajú, gbogbo ògiri ti kún fún èédú! Ilà lókè, ilà nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí lo kọ? Ó ní ìwé ìyàwó wa ni."

"Mo kí yín káàbọ̀ ni," àbíkẹ́yìn wí.

"Èmi ńkọ́?" ìyàwó kejì ti sún wá. "Wọ́n fi aṣọ bò mí lójú, òùngbẹ sì ń gbẹ mí. Nígbà tí gbogbo wọn jáde, mo ká aṣọ sókè kí n mu omi, mo rí ojú méjì lẹ́yìn àmù! Ojú nìkan! Mo ju igbá nù. Títí di òní, ògiri yẹn ṣì ní àpá."

"Igbá náà bà mí níwájú orí. Ẹ ò sọ ìyẹn."

"Tèmi ló burú jù," ìyàwó kẹta wí. "Ó mú igi, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé. Ọkọ mi gan-an dé, ó ní kò gbọdọ̀ wọlé. Bisikíìtì ni ọkọ mi fi bẹ̀ ẹ́!"

Tata wò mí. "Ìwọ ńkọ́? Ọkọ-mi-kékeré?"

"Nígbà tí èmi dé, Tata, ó ti ga ju ọkọ mi lọ. Àwọn yòókù ti kó gbogbo orúkọ tó dára lọ."

"Ọ̀lẹ ni èyí," àbíkẹ́yìn wí, ó sì da omi tó kù sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbàlá dàrú fún ẹ̀rín.

Bí ẹ̀rín ṣe ń lọ sílẹ̀, Tata béèrè wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń béèrè iyọ̀: "Ìtàn wọ̀nyí, ojú ewé wo ni wọ́n wà?"

"Wọn ò sí nínú ìwé, Tata."

"Nítorí kí ni?"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n?"

"Èmi," ó wí. Ó fi ìka kan àyà ara rẹ̀. "Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. O kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí, o fi ọjọ́ tí mo máa fi mọ àwọn ará ibẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ fún ọ pé kí o fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan. Mo ti gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Má yọ ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n sọ àwọn orúkọ náà, jẹ́ kí n wà níbẹ̀."

Ìyálé mi mi orí. "Ṣé mo sọ fún ọ!" Kò sọ ìyẹn fún mi rí, ṣùgbọ́n mi ò bá a jiyàn.

Mi ò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo ju ìbẹ̀rẹ̀ ìwé nù, níbi tí mo ti ń ṣàlàyé ilẹ̀ àti ààlà rẹ̀. Ìwé bẹ̀rẹ̀ báyìí ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyàwó tó kéré jù lò nílé ọkọ. Ìyàwó àgbà mú un lọ́wọ́, ó ń mú un ká ilé, ó ń fi ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn án: èyí ni mò ń pè báyìí, ohun tó ṣe fún mi nìyí, ìyàwó kejì ń pè é ní tọ̀hún, bi í léèrè ìdí, ìwọ náà wá tìrẹ. Ọmọ náà ò mọ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń kàwé kò sì mọ ẹnikẹ́ni, àwọn méjèèjì ń rìn pọ̀. Mi ò ṣe àlàyé àṣà kankan. Kò sí àyè fún un, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jù.

Nǹkan mìíràn tí mo fi ojú ara mi rí ni pé orúkọ nìkan ò tó. Bí orúkọ bá yí padà, ohun kan gbọ́dọ̀ wà lára ènìyàn náà tí kò yí. Mo fún àbíkẹ́yìn inú ìwé ní ìwà kan: ó máa ń súfèé kó tó wọlé. Ìyàwó èyíkéyìí tó bá pè é, pẹ̀lú orúkọ èyíkéyìí, ìwọ ti gbọ́ súfèé. Nígbà tí mo rí èyí, mo dìde, mo yí ẹ̀rọ ká, mo tún jókòó.

Mo sì dán an wò, nítorí èmi kì í gba nǹkan gbọ́ títí n ó fi dán an wò. Iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn oníbàárà sì jókòó dè é. Mo fún obìnrin kan tó ń bọ̀ láti apá gúúsù, tí kò mọ ẹnikẹ́ni nílùú wa, ní ojú ewé díẹ̀ pé kó máa kà á títí iná yóò fi dé. Nígbà tó kà á tán mo bi í, bí ẹni tí kò bìkítà, "Ta ni Sọ́jà?"

"Akọ̀wé náà ni," ó wí. "Ẹni tó ya èédú sára ògiri. Kí ló ṣe é lẹ́yìn ìyẹn?"

Mo fò sókè. Ó rò pé iná ti dé.

Mo fi ìwé ránṣẹ́ padà. Mo sì dúró, mo ń há bébà sínú ẹ̀rọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Tata pè nígbà tí ọkùnrin kan dúró níwájú mi, tí mo ń ṣe ẹ̀dà ìwé ìbí ọmọ rẹ̀.

"Mo kà á tán," ó wí. Kò tilẹ̀ kí mi. "Nígbà tó ṣubú, tí ìyàwó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré jáde, tí wọ́n ké orúkọ mẹ́rin, mo sunkún fún ẹnì kan ṣoṣo. Mo ti fọwọ́ sí i. Wọ́n máa tẹ̀ ẹ́."

Mo fi ọwọ́ gbá ẹ̀rọ, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tu bébà jáde, ìwé ìbí, ìwé ìbí, ìwé ìbí.

"Ṣé o wà níbẹ̀? Kí ni ariwo yẹn? Gbọ́, ọ̀rọ̀ kan ló kù. Orí kẹjọ. Ojú ewé mẹ́ta ni o fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kọ ebè."

"Ẹ ṣeun, Tata."

"Mi ò yìn ọ́! Ó gùn jù. Gé e kù."

"Tata, bí wọ́n ṣe ń kọ ebè ní Bétérou yàtọ̀ sí tiwa. Ilẹ̀ tiwọn—"

"Ta ló bi ọ́? Àwọn ọmọ ìyá ń jà, ìwọ ń wọn ebè. Ojú ewé kan."

"Méjì, Tata."

"Ọ̀kan àbọ̀. Kí n má sì rí ọ̀rọ̀ kankan nípa ewé tí wọ́n fi ń dé ebè lórí."

"Ẹ ò lè yọ ewé náà, Tata! Bí wọn ò bá dé e, oòrùn yóò pa iṣu nínú ilẹ̀. Ẹni tó ka ìwé náà lè fẹ́ gbin iṣu."

"Nínú ìtàn àròsọ?"

"Ta ló mọ̀?"

Ọkùnrin tó ni ìwé ìbí kan tábìlì. "Tata fọ́tókọpí, ọmọ kan ni mo bí o. Ẹ̀dà méjì tó mi."

Mo na ọwọ́ sí i pé kó ṣe sùúrù. Mo ti fi fóònù há èjìká, mo ń kó bébà kúrò nílẹ̀, mo sì ń ṣàlàyé fún olóòtú mi irú ewé tó dára jù, àti ìdí tí ewé kajú ò fi dára fún un.